Ẹni Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Bàbá Télọ̀ ti ka ìwé tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún yí i padà, ó tún un kà, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá, aya rẹ̀, wà níbẹ̀ gbangba. Òun ni obìnrin sísanra tó ń ta bọ́tìnnì, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ọmọ wọn ọkùnrin wà níbẹ̀: òun ni ọmọ kan tó máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsù, tí ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n tì í síta, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ajá ilé pàápàá wà níbẹ̀, ajá tó ti kú tipẹ́. Àfi baálé ilé.

Ìyá ti sọ ọ́ di orin. "Apá kejì ìwé ni mo ti wọlé," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà, "n kò sì jáde mọ́ títí ó fi parí. Ẹ bi ọkọ mi pé tirẹ̀ dà."

Tíṣà, oníbàárà kan tó wá gba ṣòkòtò tí wọ́n bá a tú ìdí rẹ̀ kó lè fẹ̀, fi iyọ̀ sójú egbò. "Ọ̀gá, ìwé yẹn dà bíi fọ́tò ẹbí. Àbí ẹ̀yin lẹ di kámẹ́rà mú ni?"

Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín. Ó tẹrí ba, ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ ló máa ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin náà, nítorí pé ó tín-ín-rín, ó sì mú. Láti ìgbà tí Abẹ́rẹ́ ti fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ pé ìtàn ni òun fẹ́ máa kọ, tí bàbá rẹ̀ bínú, tí ọmọ náà sì di ẹrù jáde nílé, ọ̀rọ̀ kò tíì kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí Bàbá bá wọlé, Ìyá á gbé fóònù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá á sì máa fetí gbá èyí tó bá já bọ́. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ. Ó wá dá a lójú pé ẹni tí a bá ń rò ni a ń kọ. Bí òun bá wà nínú ìwé, òun ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Bí òun kò bá sí níbẹ̀, ó parí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba ìsinmi wálé láti yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ nípa ìtàn àròsọ, Bàbá kò jẹ́ kó sọ báàgì kalẹ̀.

"Ìwádìí," orúkọ tí gbogbo ilé fi ń pè é nìyẹn, "jókòó. Iṣẹ́ rẹ dé. Nínú àwọn èèyàn inú ìwé yìí, èwo ni mí?"

"Bàbá, a kì í ka ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn kì í ṣe èèyàn. Òǹkọ̀wé lè mú imú lára ẹnì kan, kó mú ẹnu lára ẹlòmíì, kó wá rán wọn pọ̀."

"Mo gbọ́. Imú mi dà?"

Bàbá ṣí ibi tó ti ká létí nínú ìwé náà. "Mo rò pé èmi ni onílé yìí. Ó ń bínú, ó sì ní irùngbọ̀n."

"Bàbá, onílé yẹn ja òkú lólè."

"Mo kà á. Bó bá jẹ́ èmi ni, kò burú. Òun ṣáà wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìwádìí. Ọmọ tó fẹ́ràn àdììtú ni. Ó ti tú àgádágodo ilé rí, kó ṣáà lè mọ ohun tó ń mú un tì. Ó gba ìwé náà, ó jókòó sí etí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó sì fi pẹ́ńsù ń sàmì sí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀: onílé, dókítà, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Bàbá ń ránṣọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò sí nídìí aṣọ.

"Ṣé o ti rí mi?"

"N kò tíì rí yín, sà."

"Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìwádìí fò dìde. "Mo ti rí i. Nínú gbogbo ìwé yìí, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti pe ẹnikẹ́ni ní bàbá. Àgbà ọkùnrin kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ tún wo olú ẹ̀dá ìtàn. Bí ohun ayọ̀ bá ti bá a, á sáré jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ sọ fún ẹnì kan, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sì padà wọlé. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún? Ìwé kò sọ. Ẹ̀yin ni, sà. Àárò ẹni tí a kò dárúkọ, kókó ìtàn náà nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nínú ìwé yìí."

Ìyá pàtẹ́wọ́. Bàbá fi eyín já òwú, ó rò ó wò.

"O gbọ́n, Ìwádìí. Iléèwé kò fi ọ́ ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa mí, tí mo dé ìdí tábìlì tí n kò bá oúnjẹ, ṣé wàá ní kí n jẹ àìsí rẹ̀ yó ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Ohun tí o sọ lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó gbàgbé mi ni. Báwo lo ṣe fẹ́ fi ojú mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?"

Ìwádìí ń yí pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ó ti rí ihò yẹn nínú àlàyé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn rọra yà fún un ni.

"Pè é, kí o bi í," ni Bàbá wí.

"Wọ́n kọ́ wa pé a kì í bi òǹkọ̀wé, sà. Bí ìwé bá ti jáde, ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìwé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ńkọ́?"

Ìyá ló mú fóònù, ó pe Abẹ́rẹ́, ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ, láàárín àjákù aṣọ.

"Màámi," ni ohùn náà wí, "ẹ tètè pè lónìí."

Bàbá ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Èmi ni," ló wí.

"Bàbá."

"Mo ka ìwé rẹ. Ó dùn. Onílé yẹn, ìwà rẹ̀ kò dára."

"Kò dára, sà."

"Ṣé èmi ni?"

"Háà, rárá. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ta wá ni mí?"

Ìyá tẹ̀ wo fóònù bóyá ó ti já, kí Abẹ́rẹ́ tó fèsì. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi yín sí i."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ẹ ní irọ́ tó bá wù mí ni kí n lọ máa kọ, kí n ṣáà má fi yín sínú rẹ̀. Mi ò sì fi yín sí i. Kò rọrùn. Ọkùnrin yòówù kí n kọ, ọwọ́ yín ló máa ń ní. Màá pa á rẹ́, màá tún bẹ̀rẹ̀."

Bàbá wo Ìyá. Ìyá wo ilẹ̀, òun rántí. Bàbá kò rántí. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹní da omi ìdọ̀tí sóde láìwo ẹni tó ń kọjá. Ọmọ tí kò gbọ́ tirẹ̀ rí, tí wọ́n bá ní kó wọ súẹ́tà nínú òtútù tí kì í wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló wá gbé lọ, tó sì ń pa mọ́.

"Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ọ láyé," ló rọra wí, "èyí nìkan lo gbọ́."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ṣẹ́ láàárín.

"Mo kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Ṣé ìwé mìíràn ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín. N kò mọ bí ẹ ṣe rí mọ́. Ṣé irun yín ti funfun?"

Bàbá fọwọ́ kan orí. "Ẹ̀yìn ti funfun. Iwájú ti bá tirẹ̀ lọ."

"Ẹ dúró, kí n mú bírò." Wọ́n gbọ́ tí ó ń tú nǹkan kiri. "Níbo lẹ jókòó sí?"

"Ìdí ẹ̀rọ."

"Lẹ́bàá fèrèsé."

"A ti gbé e kúrò níbẹ̀. Oòrùn ń pa àwọ̀ aṣọ. Ó ti wà lẹ́bàá ògiri báyìí."

"N kò mọ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

Bàbá wá ń sọ fún un. Ó sọ nípa awò ojú rẹ̀ tí apá kan ti kán, tó fi òwú dúdú dì. Ó sọ pé Ìyá ló ń bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nísinsìnyí, pé ó sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ nípa ṣòkòtò Tíṣà, bí ikùn rẹ̀ ṣe ń sáré, tí aṣọ ń lé e. Abẹ́rẹ́ ń sọ pé "Hẹ́n-ẹ̀n, hẹ́n-ẹ̀n," bírò rẹ̀ sì ń dún lórí ìwé.

Ìyá fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. "Ẹ bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù. Ó fẹ́ bi í. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá bèèrè, ọmọ náà lè dáhùn pé òun kò bọ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Aṣọ tó wà níwájú mi yìí," ló wí, "aláwọ̀ ewé ni. Ṣé ò ń kọ ọ́?"

"Mò ń kọ ọ́, sà."

"Má kánjú. Rọra máa kọ ọ́."