Táàpù Ìsàlẹ̀ Odi Tsonka

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Tsonka, ẹ ṣáà ti sọ pé odi adágún ẹja rẹ̀ ò lágbára. Velko ọkọ rẹ̀ ló fi amọ̀ mọ odi náà, mítà mẹ́rin ní gíga, ọgọ́ta ní gígùn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí Velko ti kú, odi ṣì dúró digbí.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yìí, àyà Tsonka ń já. Boyan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba ń rán kiri láti yẹ odi àwọn adágún aládàáni wò, ti dé. Bí odi bá kùnà, wọ́n á ní kó da gbogbo omi náà nù. Ọjọ́ Nikola Mímọ́ sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré! Kò sí ilé kan ní abúlé tí kì í jẹ ẹja kápù lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ Tsonka ni gbogbo wọn sì ti ń mú un.

Táàpù ńlá ìsàlẹ̀ odi, tí wọ́n fi ń dín omi kù, ló ń bà á lẹ́rù jù. Ọdọọdún ni Velko máa ń yí i. Látìgbà tó ti kú, Tsonka ò fọwọ́ kàn án rí, torí ẹkún ló máa ń gbọ̀n ọ́n bó bá ti dé ìdí ẹ̀. Á ti dógùn-ún tán, kí lèèyàn ó wí?

Bẹ́ẹ̀ ni Genko tún yọjú, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ adágún gan-an.

"Ta ló pè ẹ́?" Tsonka bi í.

"Omi ni. Bó bá ya, ilé ta ló máa kọ́kọ́ gbé?"

"Kó kúkú gbé àkùkọ ẹ tí kì í jẹ́ kí n sùn!"

Boyan rẹ́rìn-ín, ó wọn odi, ó ní ó dáa. Ìgbà tó dé ibi tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà ṣàn jáde, ó bá pákó àti àwọ̀n níbẹ̀.

"Mọ̀mọ́, kí lèyí?"

"Kẹ́ja mi má bàa sá lọ ni."

"Bí ewé bá dí i tójò ńlá rọ̀ ńkọ́? Orí odi lomi máa gbà. Odi amọ̀ tómi bá gorí ẹ̀, ó parí nìyẹn."

"Ẹja ò ní sá," Genko ní, "èmi ni màá sá."

Tsonka lanu láti fèsì, ló bá rí èéfín tó ń jáde lórí òrùlé Genko nísàlẹ̀ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ inú omi tútù náà, tó fa àwọ̀n ya, tó sì tú pákó dànù.

"Ó wá ku táàpù," Boyan wí.

Tsonka dijú. Boyan fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fi gbogbo agbára yí i, ó sì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, torí wẹ́rẹ́ ni táàpù yí! Omi tú jáde yàà. Gírísì tuntun kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mọ̀mọ́, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ yege!"

Tsonka wo Genko. Genko ń wo òfuurufú, èékánná rẹ̀ dúdú fún gírísì.

"Láti ìgbà wo?"

"Velko ló bẹ̀ mí lórí àìsàn pé kí n máa fi gírísì sí i, kí n sì máa yí i. Ó ní o ò ní lè ṣe é."

"O ò sì sọ fún mi!"

"Ìgbà wo lo fún mi láyè? Èébú lo fi máa ń kí mi."

Tsonka bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Nikola Mímọ́, ó yan kápù nínú ìyẹ̀fun pípò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Baálé ilé ló ni orí ẹja náà, àmọ́ fún ọdún mẹ́fà, ológbò ló ń jẹ ẹ́ nílé Tsonka. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé orí náà sínú àwo, ó dé e, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn Genko.

Genko ṣí àwo. Ó rọra ṣí fìlà lórí.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù," Tsonka wí. "Kó o sì fi ibi tí gírísì wà hàn mí. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni màá yí i. Ìwọ ṣáà dúró tì mí, kó o máa bú mi."