Jàbárù Tún Jìtá Ọkọ Ìyàwó Ṣe

Bí ẹ bá dé Karu tí ẹ gbọ́ ẹnìkan tó ń yin ara rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ má wulẹ̀ béèrè ọ̀nà mọ́, ẹ ti dé ṣọ́ọ̀bù Jàbárù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Jìtá àti okùn jìtá ló ń tà, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe, àmọ́ ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó ní kò sí jìtá tó jáde lọ́wọ́ òun rí tó padà wá sunkún. Èyí tó bá sì sunkún, ó ní Gafar ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Gafar yìí ni ọ̀tá rẹ̀. Òun náà ń tún jìtá ṣe ní Zuba, nítòsí ọjà èso, Jàbárù sì máa ń sọ pé ọsàn ló yẹ kí ó máa bó níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Hezekiah gbé jìtá tirẹ̀ wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Hezekiah, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tó sì gbẹ̀kọ́: ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé jìtá náà lé Jàbárù lọ́wọ́, ó tún tẹrí ba.

"Ẹ̀gbọ́n, okùn nìkan ni kí ẹ pààrọ̀ o, kí ẹ sì nù ún dáadáa. Ní Sátidé ni mò ń lọ sílé àwọn àna mi ní Galadimawa. Alàgbà Adégbọlá, bàbá ìyàwó mi, olórí akọrin ni wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ Mofìyìnfólúwa á kọ́kọ́ kọrin níwájú àwọn ná. Ọkùnrin méjì ti kọrin, wọ́n lé àwọn méjèèjì. Èmi ló kàn. Bí jìtá yìí bá já mi kulẹ̀, ẹ̀gbọ́n, mi ò níyàwó mọ́."

"Jàbárù ni wọ́n ń pè mí," ni Jàbárù wí. "Ìwọ ṣáà máa lọ ra bẹ́ẹ̀dì."

Nígbà tí Hezekiah lọ tán ni Jàbárù ṣí àpò jìtá náà. Ó wò ó. Ó tún un wò. Okùn tó nípọn jù lọ wà nísàlẹ̀, níbi tó yẹ kí tẹ́ẹ́rẹ́ wà. Tẹ́ẹ́rẹ́ wá jókòó sókè bí ọmọ tó gorí àga bàbá rẹ̀.

"Yéè! Balkis, wá wo iṣẹ́ Gafar! Wá wo ẹni tó wọ ṣòkòtò sórí!"

Balkis, tó ń ta ìbòjú fóònù ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí i, yọjú. "Bùọ̀dá Jàbárù, ṣé ẹ ò ní pe onítọ̀hún kẹ́ ẹ bi í ni?"

"Kí n bi í ní kí ni? Ọmọ ẹ ṣubú sínú kòtò, ṣé wàá dúró máa bi í bóyá ó fẹ́ jáde?"

Ó tú gbogbo okùn náà, ó fi tuntun sí i, nípọn lókè, tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Ìyẹn ò tó o. Egungun pẹlẹbẹ kékeré kan wà lọ́rùn jìtá tí gbogbo okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ìyẹn náà, Jàbárù yọ ọ́, ó gé òmíràn tó bá ètò tuntun mu, ó ní sàárà ni òun fi ṣe. Ó ju ti tẹ́lẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ta jìtá náà wò, ó dùn débi pé ó kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Hezekiah sáré wọlé pẹ̀lú agbádá, ọkọ̀ tó gbé e wá ò tiẹ̀ pa iná.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n dán an wò?"

"Dán kí ni wò? Ṣé wọ́n ń dán òòrùn wò kó tó yọ ni?"

Hezekiah gbé jìtá, ó di Galadimawa.

Nígbà tó yá, Balkis dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ti fi nọ́ńbà Hezekiah pamọ́ lọ́jọ́ tó ra ìbòjú fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, báyìí ó ń wo ohun tí ọkùnrin náà gbé sórí wásáàpù: fídíò ibi tó ti ń fi orin ìfẹ́ dánra wò ní yàrá rẹ̀, tó kọ "Ẹ fàdúrà ràn mí lọ́wọ́" sábẹ́ rẹ̀.

"Bùọ̀dá Jàbárù, ọwọ́ òsì lọkùnrin yìí fi ń ta jìtá."

Jàbárù wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọdé ń ṣe ẹ́. Sẹ́lífì nìyẹn. Sẹ́lífì máa ń yí èèyàn po. Ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún."

"Ó dáa. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Mò ń ka January ketekete. Ṣé sẹ́lífì wá yí ọkùnrin po, ó wá fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Jàbárù. Ó wo kàlẹ́ńdà. Ó wo Balkis. Ó fọwọ́ kan egungun jìtá tó wà nínú àpò rẹ̀.

"Mo ti gba ìyàwó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ," ló wí, ó kó okùn tuntun àti púláyà, ó já sí títì bí ẹni tí oyin ń lé. "Mallam, sànnu! Galadimawa, maza-maza, kíákíá!"

"Kai! Alhaji, ilé ń jóná ni?" ni awakọ̀ bi í.

"Ó sàn kó jẹ́ ilé!"

Nígbà tí Jàbárù bi ọ̀nà títí tó fi wọ pálọ̀ Alàgbà Adégbọlá, ó ń mí hẹlẹ, púláyà ń yọ lápò rẹ̀. Àwọn àna jókòó rẹ́rẹ́. Jìtá fẹ̀yìn ti àga Alàgbà fúnra rẹ̀. Hezekiah wà níwájú pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ibi iṣẹ́, nítorí bùọ̀dá rẹ̀ tó yẹ kó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe àgbà fún un ò tíì dé. Obìnrin tó ń darí ètò rí Jàbárù, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yín?"

Gbogbo irọ́ ayé ni Jàbárù lè pa, àmọ́ kò lè sẹ́ ìlú rẹ̀. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ponbele!"

"Bùọ̀dá ọkọ ìyàwó ti dé! Ó yá, ẹ̀yin àna, gbogbo yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ kí ìdílé yìí!"

Kí Jàbárù tó wí pé rárá, ó ti wà nílẹ̀. Ó dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì, Hezekiah dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe níbí?" ni Hezekiah sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ́?"

"Ẹ rọra! Bàbá ò mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun nílé yìí látìgbà tí mo ti ń wá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti fi ṣíbí yọ ara mi lójú. Mo ní bí orin bá ti wọ̀ wọ́n lára, wọn ò ní wo ọwọ́ mọ́."

"Mo ti yí okùn ẹ po."

"Ẹ ti kí ni?"

"Mo rò pé Gafar ló bà á jẹ́ ni."

"Ta ni Gafar?"

"Ìdọ̀bálẹ̀ yìí gùn o!" ni obìnrin olùdarí wí. "Àwọn àna yìí mà lẹ́kọ̀ọ́!"

Jàbárù dìde, ó ní jìtá náà rìn lóòrùn, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e síta kó mí díẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló gbé e lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ó dá egungun àtijọ́ padà sọ́rùn jìtá, ó tún okùn tò. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kó gbọ́ ohùn kankan, ló bá ṣe bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ: ó fi eyín di orí jìtá mú, ó ń ta okùn, ó ń gbọ́ ohùn náà nínú àgbárí ara rẹ̀.

Ìyá kan tó ń gbé ìrẹsì kọjá dúró. "Bùọ̀dá ọkọ ìyàwó, ẹ ní sùúrù. Oúnjẹ ń bọ̀."

Jàbárù wọlé padà bí ajagunṣẹ́gun, ó na jìtá sí Hezekiah. Alàgbà na ọwọ́. "Gbé e wá. Kí ọmọ tó kọrin, màá kọ́kọ́ ta á, kí n fi súre fún un."

Alàgbà gbé jìtá léyà, ó ta okùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbọ́ igbe ewúrẹ́ tí ìrù rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn rí? Àwọn àna di etí.

"Kí lẹ ṣe sí i?" Alàgbà kígbe mọ́ Jàbárù. "Kẹ́ ẹ tó dé níbí, mo ta á! Ó ń dún bí oyin! Mo tiẹ̀ sọ fún ìyá Mofìyìn pé ẹni tó lè tọ́jú jìtá báyìí á tọ́jú ìyàwó."

Jàbárù káwọ́ lérí. Àṣìṣe rẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó fún Hezekiah, òun ló tún sáré láti Karu wá tún un ṣe!

Hezekiah dìde. Òógùn bò ó. "Bàbá, ẹ má bá bùọ̀dá wí. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí."

Ìgbà yẹn gan-an ni epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Mofìyìnfólúwa yọjú láti yàrá, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni Alàgbà wí jẹ́jẹ́, "ìwọ wá fẹ́ fi tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi? Bùọ̀dá ọkọ ìyàwó, ẹ sọ̀rọ̀."

Jàbárù la ẹnu láìmọ ohun tó máa bá jáde.

"Bàbá, ẹ gbé jìtá náà bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e. Ọwọ́ wo lẹ fi di ọrùn ẹ̀ mú?"

"Òsì."

"Ọwọ́ wo ló ń tẹ okùn, tó ń wá orin kiri?"

Alàgbà wo ọwọ́ rẹ̀. "Òsì náà ni."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó... ó ń ha á."

"Ó ń ha á! Bí ẹni tí ara ń yún!" Ẹnu Jàbárù ti bọ́ sójú ọ̀nà. "Bàbá, látìgbà tẹ́ ẹ ti ń yin Olúwa, òsì ló ń wá orin náà fún yín. Ọmọ yìí ló wá fẹ́ fi ọ̀tún wá orin. Nínú ilé yìí lónìí, òun nìkan ló lẹ́kọ̀ọ́!"

Ìyá Mofìyìnfólúwa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbàgbé rẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà ó na jìtá sí Hezekiah. "Kọ ọ́, kí n gbọ́."

Hezekiah bẹ̀rẹ̀. Orin náà dùn, àmọ́ okùn tuntun ò mọ ọjọ́ ìyàwó. Bó ti ń ta á ni okùn ń dẹ̀, tí ohùn jìtá ń lọ sílẹ̀. Kò dúró. Ó rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀lé e. Alàgbà, olórí akọrin, kò lè mú un mọ́ra, ó gbe orin náà, òun náà ń lọ sílẹ̀, títí àwọn méjèèjì fi ń kùn nísàlẹ̀ bí oyin nínú ìgò.

"Àwọn méjì àkọ́kọ́," ni Alàgbà wí, tó ń nu ojú, "ibi tí nǹkan ti dẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti dúró. Ìwọ ò dúró. Mú ìyàwó ẹ."

Ariwo ayọ̀ sọ. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú fìlà ńlá.

"Ẹ má bínú o, mọ́tò ló bàjẹ́ sí Lokoja. Èmi ni bùọ̀dá ọkọ ìyàwó láti Ògbómọ̀ṣọ́."

Gbogbo ojú yí padà wo Jàbárù. Ojú ò rí i. Ó ti wà nílẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi ni mo tún jìtá náà ṣe," ló wí fún kápẹ́ẹ̀tì. "Lẹ́ẹ̀mejì."

"Dúró síbẹ̀," ni Alàgbà wí. Ó wọ yàrá, ó gbé jìtá àtijọ́ tirẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú imú Jàbárù. "Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti lò ó. Okùn nìkan o."

"Okùn nìkan, Bàbá."

Jàbárù gbé orí sókè díẹ̀. Ó rí i pé ọrùn jìtá náà wọ́, egungun ibẹ̀ náà ṣẹ́ níkángun. Iṣẹ́ Gafar! Ó la ẹnu.

Ó rọra pa á dé.