Wọ́n Ní Kí N Ka Ọmọ Mi

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹran ni wọ́n ń kà wọ ọgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sá fún ìjà ìlú wa, tí mo dé Dublin láti tọrọ ààbò, ọkùnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wọn, sà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá tí kò mọ iye ọmọ rẹ̀, òpùrọ́ ni. Àwọn tí mo pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí náà ò ka àlàyé mi sí. Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá mi, tí mò ń wá ìwé kí n lè kó wọn wá!

Lọ́yà mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga tó wà létí odò. Ó ní adájọ́ ò ní wò ó bóyá òótọ́ ni mo sọ. Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ mi ni yóò yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, kùrukùru bo odò. Adájọ́ ń kàwé jẹ́jẹ́, òyìnbó rẹ̀ ń ṣàn kọjá lára mi. Ojú mi là, síbẹ̀ mò ń lálàá. Mo rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń gun àga adájọ́, erùpẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò sì lé wọn. Ara mi fúyẹ́. Mo fẹ́ kó máa kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà fọwọ́ kàn mí. "A ti borí, Wòsílátù!"

"Ṣé kí n lọ kó àwọn ọmọ?"

Lọ́yà ní rárá o. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ àtijọ́ ni. Wọn yóò tún gbọ́ ẹjọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ máa grand, ìyẹn ni pé yóò dára. Bí wọ́n ṣe ń sọ níbí nìyẹn, kódà bí òjò bá ń pa wọ́n. Ó wá bẹ̀ mí pé bí wọ́n bá tún béèrè, kí n kà wọ́n.

Mo gbìyànjú rẹ̀ wò fún un: Waris, ọ̀kan, Raheemat, èjì, Sofiyullah, ẹ̀ta. Ẹ̀rù bà mí lójú ẹsẹ̀. Mo sáré dé Parnell Street, mo wọ ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fi fóònù pe ilé, mo pè. Ìyá mi ló máa ń gbé e, àmọ́ Sofiyullah ló gbé e lọ́jọ́ náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà tí mo kúrò.

"Ṣé gbogbo yín wà?"

"A wà, mà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ni kí n sọ fún màmá mi pé ó ń pè wọ́n?"