Ọjọ́ Tí Mo Fọṣẹ Fọ Pọ́n-ùn Ìyá Ìkọ̀yà

Páàtì ọ̀kadà ni mo ń tà ní Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè iṣẹ́ mi lọ́dún tó kọjá, n óò sọ fún yín pé ọ̀mọ̀ràn owó bébà àtijọ́ ni mí. Ìwé kan ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi rà á wá láti Èkó, ìwé ńlá tí àwòrán owó àtijọ́ kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ojú ewé iwájú kò ní àwòrán, ọ̀rọ̀ lásán ni. Mo fò wọ́n. Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ?

Kò pẹ́ tí mo fi di wàhálà fún ìlú. Bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn mi, mo ti ń bi àwọn àgbàlagbà bóyá wọ́n ní owó ṣílè nílé.

Rose ìyàwó mi ní, "Bàbá Joy, àwọn èèyàn ti ń sá fún yín. Wọ́n rò pé owó ìkórè lẹ fẹ́ gbà."

Ẹni tí kò sá ni Ìyá Ìkọ̀yà, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní ìlú Ìkọ̀yà. Ó pè mí, ó fi pọ́n-ùn kan hàn mí tó bá nínú àpótí ìyá wọn. Ó ti rọ̀ bí ewé gbígbó, epo pupa sì ti ta sí igun rẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo rí àwòrán rẹ̀. Iye mẹ́ta ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan kéré, ọ̀kan mọ níwọ̀n, ọ̀kan ga. Mo mú èyí tó ga. Ta ni yóò rí ẹran nínú abọ́ tí yóò mú eegun?

"Màmá, iye rẹ̀ yóò tún òrùlé yín ṣe."

"Owó tí kò lè ra iyọ̀ mọ́ yìí? Ṣé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo gbé e délé. Mo po ọṣẹ sínú abọ́, mo rọra fọ epo náà kúrò, mo sá a, mo sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ títí tó fi le gbagidi.

Rose dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ìwé náà ní kí ẹ fọ̀ ọ́?"

Mo ní kò lè yé e.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Jùwọ́nlọ́lá, tó ń ra owó àtijọ́, dé ṣọ́ọ̀bù mi láti Àkúrẹ́, ó gbé pọ́n-ùn náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e sí imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọṣẹ ni mò ń gbóòórùn yìí?"

Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi. Ó ṣí ìwé mi sí ibi tí mo fò, ó ní kí n kà á sókè, níwájú àwọn oníbàárà mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye tó ga jù wà fún owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná rí, èyí tó kéré jù sì wà fún èyí tó ti gbó. Wọ́n ní ẹni tó bá fọ owó àtijọ́ tàbí tó lọ̀ ọ́ ti bà á jẹ́. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ìyẹn.

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ǹ bá rà á," ni Ọ̀gbẹ́ni Jùwọ́nlọ́lá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo gba Ìkọ̀yà lọ bí ẹni ń lọ sílé ẹjọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ròyìn bí mo ṣe ba owó náà jẹ́. Ìyá fi àtàǹpàkò pa igun owó náà.

"Ìka ìyá mi ló ta epo yẹn," ó ní. "Ibi tí wọ́n ti ń fún epo ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbà á."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Àfi bí Ìyá ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó wọlé, tó sì mú pọ́n-ùn mìíràn jáde.

"Méjì ni mo bá níbẹ̀. Nítorí pé ìwọ ni mo fẹ́ fún ni mo ṣe fi ọ̀kan pamọ́. Jókòó, ka ìwé yẹn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ń kà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ìkálẹ̀ wa, ó ń dá mi dúró níbi gbogbo: "Tún ibẹ̀ kà." Nígbà tí a dé ibi iye owó, a wo bí pọ́n-ùn náà ti ká tó àti ibi tó ti fà ya. Iye tó kéré jù ló tọ́ sí i.

"Màmá, kò lè tún òrùlé ṣe o."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé yóò pọ̀ débi tí n óò fi tà á."

Ó dá a padà sínú àpótí, ó tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Mo ní kí n bá a tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà. Ó kàn wò mí, ó sì ta kókó kejì lé e.