Ojúlówó Sípíkà Bàbá Akínladé

"Olè ni ọ́, Nehemiah! Olè abẹ́lé!"

Bàbá Akínladé fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ gún àpótí sípíkà tó gbé sílẹ̀ láàárín pálọ̀. Sípíkà onígi méjì ni Bàbá ní, wọ́n ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọdún 1963 ló rà wọ́n, nígbà tó ṣì ń gbé aṣọ tà káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Ìsọ̀kùn, àdúgbò wọn ní Iléṣà, pé ó fẹ́ràn wọn ju èèyàn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kó wọn wá sílé Nehemiah, ẹni tó ń tún sípíkà àtijọ́ ṣe nínú pálọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè dún níbi ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún Bàbá. Nehemiah ti pààrọ̀ bébà ẹnu wọn tó ti jẹrà, ó ti wé wáyà kọ́ìlì tuntun sí wọn, ó sì ti fi sáńdípépà ha igi wọn kó tó kùn ún. Wọ́n kó wọn lọ lánàá. Láàárọ̀ yìí, Bàbá tú ẹ̀yìn wọn wò, ó sì fi ọkọ̀ Pijó rẹ̀ gbé ọ̀kan padà wá.

"Wò ó!" Bàbá nawọ́ sínú àpótí. "Òòfà inú èyí tó wà nílé tóbi tó àwo ọbẹ̀. Tinú èyí kò ju ìdérí ife lọ. Níbo lo ta ojúlówó mi sí?"

"Bàbá, mi ò tà á. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"O bá a báyìí, o ò sì lè sọ fún mi?"

 Lóòótọ́ ni Nehemiah rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tú àpótí náà, ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Dayọ̀, ìyàwó Bàbá, tó kó àwọn sípíkà náà wá lọ́jọ́ yẹn, ló sọ ọ́ fún. Ìyá náà ní, "Tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Má fi yọ Bàbá lẹ́nu." Nehemiah gbà, nítorí pé àgbà ló sọ̀rọ̀, àti nítorí pé ó mọ bí ìbínú Bàbá ṣe ń rí.

Ìyá Dayọ̀ yìí kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, tó káwọ́ lérí àyà. Nehemiah wojú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo wí fún yín fún Bàbá."

Ìyá Dayọ̀ yíjú síta. "Kí lo wí fún mi? Èmi mọ nǹkan kan nípa sípíkà ni?"

 Bàbá Akínladé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"O tún fẹ́ fa ìyàwó mi sí i. Ó dáa. Àwọn àgbà ìjọ á gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ṣebí ìwọ náà lò ń tọ́jú ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ká mọ ohun tí o ti jí níbẹ̀. Àpótí yìí á wà níbí títí ojúlówó mi á fi padà sínú rẹ̀."

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, ìròyìn ti kárí àdúgbò. Oníbàárà mẹ́ta ló wá kó ẹrù wọn. Tíṣà Ọlágòkè, tí sípíkà tirẹ̀ ṣì wà ní títú, jókòó sórí àga, ó ń ka sukúrúù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo ọwọ́ Nehemiah bí ẹni tó ń ṣọ́ adìyẹ lọ́wọ́ àṣá. Kò kí i nígbà tó dé, kò sì kí i nígbà tó ń lọ.

Julianah, ìyàwó Nehemiah, kò dákẹ́. "Mo ti sọ ọ́ fún yín tipẹ́, Bàbá Ìmísí. Ẹ kì í lè sọ pé rárá fún àgbà. Ẹ wá rí i báyìí!"

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ẹ lọ bá obìnrin yẹn! Àbí orúkọ àwọn ọmọ mi lẹ fẹ́ fi bo àṣírí rẹ̀?"

Ìdí obì ni Nehemiah ti bá Ìyá Dayọ̀ lọ́jà. Ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò nínú agbọ̀n, kò sì gbójú sókè.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe dé ibẹ̀."

"Èmi ni mo tà á," ni ó wí, bí ẹni tó ń tu nǹkan kíkorò sílẹ̀. "Lọ́dún tí Ẹkúndayọ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ ní kí ni obìnrin fẹ́ fi í ṣe, kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Owó wà lápò rẹ̀ o! Mo tú ẹ̀yìn àpótí sípíkà rẹ̀, mo ta ohun tó wà níbẹ̀ fún aṣerédíò kan tó fi kékeré rọ́pò rẹ̀, mo sì fi sanwó ìdánwò. Dayọ̀ ti di nọ́ọ̀sì ní Kàdúná. Kò dùn mí rí, kò sì ní dùn mí láé."

"Ẹ sọ ọ́ fún Bàbá bẹ́ẹ̀."

"Kó lè lé mi jáde? Rédíò lásán ló torí rẹ̀ lé ìyàwó tó fẹ́ ṣáájú mi." Ó wá gbójú sókè wàyí. "Ìwọ ṣì ní agbára, o lè kó lọ sílùú mìíràn. Èmi ti dàgbà ju ẹni tó ń wá ilé kiri. Kúrò níwájú igbá mi, kí n tó pariwo olè lé ọ lórí."

Nehemiah padà sílé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí Bàbá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí láyé àtijọ́ máa ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sára igi lábẹ́nú. Ó rí i lábẹ́ eruku: *Nùrẹ́nì, Ìgbọ̀nà, Òṣogbo, 1983.*

Epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò náà. Ó dúró fún wákàtí méjì gbáko kó tó rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí Òṣogbo. Bàbá Nùrẹ́nì ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò darúgbó. Bó ṣe gbọ́ "sípíkà" àti "Iléṣà", ó fò dìde.

"Olè lo wá fi pè mí? Wàláì, mi ò ra ẹrù olè rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi!"

"Mi ò pè yín lólè, Bàbá. Èmi ni wọ́n ń pè lólè."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Ó wọlé, ó sì fi Nehemiah sílẹ̀ sínú oòrùn. Nehemiah kò kúrò. Ó pẹ́ gan-an kí bàbá náà tó jáde padà pẹ̀lú agolo ìpanu kan tó kún fún ìwé. Ó yọ ọ̀kan, ó sì jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Nehemiah.

"Ẹni tó bá ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti ṣàlàyé. Ẹni tó tà á fọwọ́ sí i. Mú un, kí n má sì rí ọ níbí mọ́."

Wúràọlá Akínladé: orúkọ Ìyá Dayọ̀ gan-an. Lẹ́tà gbọọrọ-gbọọrọ, ti ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà ìjọ márùn-ún jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà Barnabas sì ni olórí wọn. Bàbá Akínladé ro ẹjọ́ tirẹ̀ títí ìtọ́ fi ń ta lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó kan Nehemiah, ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ìwé náà sì kàn án lọ́wọ́. Ó wo Ìyá Dayọ̀ tó jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Bí ìyá náà bá fi ojú bẹ̀ ẹ́ ni, bóyá Nehemiah ì bá ti fi ìwé náà sílẹ̀ níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ńṣe ló tẹjú mọ́ ọn, ó sì yínmú.

"Ẹ̀yin àgbà," ni Nehemiah wí, "mo ṣẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ti yọ ojúlówó rẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹni tó ni ín. Ẹ bá mi wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò jalè." Ó tẹ́ ìwé náà síwájú Bàbá Akínladé.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Alàgbà Barnabas nawọ́ gbà á, Bàbá kò fún un. Ó ká a, ó fi í sápò agbádá.

"Mo ti fa ẹjọ́ mi sẹ́yìn," ni ó wí. Ó yíjú padà. "Wúrà, kọ́kọ́rọ́ ilé mi dà?"

Ìyá Dayọ̀ tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò létí ìró rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Bàbá mú un, ó sì jáde. Kò bẹ Nehemiah, kò tilẹ̀ wò ó.

Alàgbà Barnabas mi orí. "O ò bá ti pe Bàbá sí kọ̀rọ̀, Nehemiah."

"Gbangba lẹ ti pè mí lólè, sà."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ariwo Julianah ló pe Nehemiah jáde. Ìyá Dayọ̀ dúró lójúde wọn pẹ̀lú báàgì aṣọ kan àti agbọ̀n obì rẹ̀.

"Kò ní wọ ibí!" ni Julianah ń wí. "Ẹni tó fẹ́ sọ ọkọ mi di olè!"

"Ọkọ rẹ ló tú ilé mi," ni Ìyá Dayọ̀ dá a lóhùn, "ilé rẹ̀ ni n ó sì máa gbé títí ọmọ mi á fi ti Kàdúná dé. Ṣé kí n padà sílé bàbá mi ní Ìkéjì, kí wọ́n máa bi mí ohun tí mo jí? Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń wí pé kí n sọ òtítọ́. Òtítọ́ nìyí, ó ti dé."

Nehemiah wo àwọn obìnrin méjèèjì. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú lójú fèrèsé. Ó wọlé. Àpótí Bàbá Akínladé ṣì gba àárín pálọ̀. Ó gbá a mú, ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó padà wá gbá ilẹ̀ ibi tó ti gbé e kúrò, ó sì tẹ́ ẹní kan síbẹ̀.

"Ìyá, ẹ máa wọlé."

Ìyá Dayọ̀ wọlé, ó wo ẹní náà, ó pòṣé. "Ẹ̀yìn ń ro mí. Mi ò lè sùn sórí ilẹ̀."

 Julianah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìbàdí dání, ó mí kanlẹ̀.

"Fóòmù Ìmísí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀. Ó kọjá wọ ilé ìdáná láìwo ẹnikẹ́ni.