Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Àpótí

Mi ò fẹ́ràn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọgbọ́n orí yàwòrán. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń pariwo ọ̀rọ̀ kan náà ní kíláàsì mi: ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ yà, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń jókòó lórí àpótí láàárín yàrá fún wa láti yà, tòun ti ṣòkòtò péńpé nìkan. Kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ bíi tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Baba Má-Mira.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, aago mẹ́jọ la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó lu mẹ́sàn-án, mo dé ẹ̀yìn Ìyá Télọ̀, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nínú bébà tirẹ̀, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi wọ́, èjìká òsì sì rọ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Télọ̀, kí lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i, Tíṣà. Wíwọn ara èèyàn ni mo fi ń jẹun o."

Inú bí mi. Èjìká tí mo jókòó lé ní kékeré, ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èédú tí a fi ń yàwòrán mú ló máa wá fi hàn mí? Mo fi rọ́bà pa á rẹ́, mo sì fa ẹnu náà gún régé. Birikilà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ti ya ẹnu wíwọ́. Mo ní wọ́n ń wo ara wọn yà. Bébà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni mo tún ṣe, mi ò sì gbójú sókè wo ẹni tó wà lórí àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ń kùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọdọ̀ mi ẹnu." Mo yíjú sí kíláàsì. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí aago méjìlá lu, gbogbo wọn ń palẹ̀ mọ́, òun ṣì jókòó. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ bá a. Apá òsì rẹ̀ ò gbé. Itọ́ ń ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí.

Ó ti lé díẹ̀ ní aago kan kí wọ́n tó ya fọ́tò inú orí rẹ̀ tán ní ọsibítù. Dókítà mú abẹ́rẹ́ dání.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú ọpọlọ wọn. Abẹ́rẹ́ yìí lè tú u, àmọ́ tó bá ti lé ní wákàtí mẹ́rin, ó lè pa wọ́n. Ìgbà wo lẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́?"

Ìyá Télọ̀ tó bá mi gbé e wá ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sọ pé ọ̀sán yìí ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣẹ́ kù di ọwọ́ mi mú.

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀," ni mo wí.

Dókítà wo aago ara ògiri, ó sì dá abẹ́rẹ́ náà padà sínú àwo.