Ìyókù Ìtàn Ọkùnrin Inú Ẹja

Nánà Egyirba ti là á mọ́lẹ̀: tó bá di ọjọ́ Ajé, Araba, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọdún mọ́kànlá, yóò fi iléèwé sílẹ̀, yóò wá dúró ti ààrò ẹja.

"Kí ló wà nínú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹ kà yẹn tí mi ò mọ̀?" ló ń wí. "Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ ọ́ lórin!"

Kò parọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì Moree, ìlú apẹja kan létí òkun Gánà, bí ìtàn Ìwé Mímọ́ bá dùn mọ́ àwọn ìyá àgbà nínú, wọn a dìde fùú, wọn a gbà á lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, wọn a fi kọrin. Nánà ló ń dá a, tí àwọn yòókù ń gbè. Kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú.

Araba sunkún títí ó fi sú Nánà.

"Ó dáa, gbẹ́nu dákẹ́. Ṣebí ẹ̀yin ọmọ iléèwé lẹ máa ka Ìwé Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè? Ka ohun kan tí mi ò gbọ́ rí. Tó o bá rí i kà, máa lọ síléèwé ẹ. Tó ò bá rí i, ẹja ń dúró dè ẹ́."

Àfi bí Tíṣà Amissah, tó ń darí ìsìn náà, ṣe fún un ní ìtàn wòlíì tí ẹja gbé mì láti kà! Ọkàn Araba rẹ̀wẹ̀sì. Ní ìlú apẹja, ta ni kò mọ ìyẹn?

Nígbà tí Sọ́ńdè dé, bó ṣe kà á dé ibi tí ẹja ti lanu, Nánà ti dìde, ó gbé orin. Gbogbo ilé gbè é, áńkáṣíìfù ń fẹ́ lókè. Wọ́n kọ ọ́ títí ẹja fi pọ ọkùnrin náà sétí òkun, wọ́n jókòó, wọ́n ń nu òógùn. Tíṣà pàápàá ti ń ṣí ìwé orin. Nánà ṣẹ́jú sí Araba, ó rẹ́rìn-ín.

Araba wo ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ lórin rí. Tíṣà wúkọ́ pé kó jókòó. Kò jókòó, ó ń kà á lọ: wòlíì dé ìlú tí Ọlọ́run ní òun máa pa run, àwọn ará ìlú ronú pìwà dà, Ọlọ́run dárí jì wọ́n, ni wòlíì bá bínú. Ó lọ jókòó sábẹ́ ìtàkùn, ó fajú ro. Ọlọ́run wá bi í pé, ṣé kí òun má ṣàánú ìlú tó kún fún ọmọdé tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àti ẹran ọ̀sìn rẹpẹtẹ?



"Ta ló ń bínú?" Nánà béèrè láti ìjókòó rẹ̀. "Wòlíì tí mo ń forin yìn?"

"Òun ni, Nánà. Ó ní kí wọ́n kú."

"Pẹ̀lú àwọn ọmọdé? Ẹja ì bá má pọ̀ ọ́!"

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wá fi dá Ọlọ́run lóhùn?"

"Kò sí níbẹ̀, Nánà. Ibẹ̀ ló parí sí."

"Irọ́! Tíṣà, níbo lẹ fi ìyókù sí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Nánà fúnra rẹ̀ ló di kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo tiwọn, àti ẹja díndín fún Araba.

"Máa lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ ìdajì, mo rò pé odindi ni. Tó o bá dé, ojú ewé àkọ́kọ́ Ìwé Mímọ́ lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún mi. Má fo nǹkan kan."